Idà Akínṣowọ́n Tí Ó Kọ̀ Láti Jáde

Láyé ìgbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ọ̀dàn ń da Òkè-Sàárà láàmú, kò sí ọ̀gbẹlẹ̀ kan tí ó kọjá láìsí ẹkún nínú ìlú náà. Bí odò Àsàrà bá ti fà, ẹṣin wọn a là á kọjá wẹ́rẹ́, wọn a fi iná sí oko, wọn a sì so àwọn obìnrin tí wọ́n bá níbẹ̀ lókùn lọ. Wọ́n mú ìyàwó Akínṣowọ́n lọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó tún gbúròó rẹ̀. Akínṣowọ́n yìí gan-an sì ni olórí ẹlẹ́ṣin ìlú, ọkùnrin dúdú gìrìwò, arógun-má-sàá, ọmọ a-gẹṣin-bí-ẹni-jókòó-lórí-àga. Ẹ wo irú ìtìjú tí ó gbé sọ́kàn.

Ohun tí ó ń bí i nínú jùlọ ni idà bàbá rẹ̀. Oníṣòwò kan ni ó gbé e wá láti etíkun, idà ọ̀gá ẹlẹ́ṣin òyìnbó kan tí ó kú sí ẹ̀bá òkun. Ó tẹ̀ bí dòjé, orí kìnnìún tí a fi idẹ ṣe wà ní èèkù rẹ̀, irin gidi sì ni àkọ̀ rẹ̀. Wọ́n rọ ọ́ kí ẹni tí ó wà lórí ẹṣin lè fi ṣá ọ̀tá bí ó ti ń sáré kọjá. Àmọ́ nígbà tí bàbá kú, àwọn àgbà gbé idà náà kọ́ sí ilé Ògún, wọ́n fi Aṣípa Ògúnríndé ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Ìtọ́jú wo? Lọ́dọọdún, baba yìí a pa àkùkọ, a da ẹ̀jẹ̀ àti epo pupa sí ẹnu àkọ̀, ó ní idà ń jẹun. Kò sí ẹni tí ó yọ ọ́ wò rí.

Akínṣowọ́n bẹ̀bẹ̀ títí ó fi sú u.

“Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ kí n nù ún. Ẹ̀jẹ̀ yìí ń ba irin jẹ́.”

“Ìwọ ni o fẹ́ kọ́ mi ní ohun tí Ògún ń jẹ? Idà kì í jáde nílé rẹ̀ láìsí ogun. Ṣé ogun ti dé ni?”

“Ṣé ìgbà tí ogun bá dé tán ni kí a tó mọ̀ bóyá ó ṣì mú?”

“Máa lọ sílé, Akínṣowọ́n. Ara rẹ ti gbóná jù.”

Ta ni ó fẹ́ fẹjọ́ sùn, nígbà tí gbogbo ìgbìmọ̀ ìlú ń mi orí sí ọ̀rọ̀ Aṣípa bí alángbá?

Ogun dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn obìnrin ń ká erèé ní òdìkejì odò. Igbe ta. Aṣípa fi ìwúre gbé idà lé Akínṣowọ́n lọ́wọ́, Akínṣowọ́n sì gẹṣin sáré jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Nígbà tí ó dé àárín odò, ó di èèkù mú, ó fà á. Idà kò mira. Ó fi àkọ̀ há itan, ó tún fà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ìpẹtà ti lẹ abẹ mọ́ àkọ̀ pinpin. Olórí àwọn ọ̀tá dá ẹṣin rẹ̀ dúró sínú odò níwájú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ wá wo jagunjagun tí ń bá idà ara rẹ̀ jìjàkadì!”

Omi bọ́ lójú Akínṣowọ́n, omi ìbínú ni. Ó kígbe pé, “Ẹ̀yin àgbà Òkè-Sàárà, ẹ ṣe mí tán! Ó dáa. Bí kò bá ní jáde, àtòun àtilé rẹ̀ ni yóò jà lónìí!” Ó gbé idà sókè tòun tàkọ̀, ó sì là á mọ́ ọkùnrin náà ní páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀tá náà ṣubú sómi, ẹṣin ara rẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ rí òkú ọ̀gá wọn tí ń léfòó lọ, wọ́n sá, wọn kò sì padà wá mọ́ láéláé. Kò sí obìnrin kan tí wọ́n rí kó lọ.

Ẹ óò rò pé wọn yóò tọrọ àforíjì. Aṣípa ń jó pàdé rẹ̀ ni! “Ẹ rí i? Ẹ̀jẹ̀ tí mo fi ń bọ́ ọ ni ó jà!” Òógùn kò tíì gbẹ lára ẹṣin tí ó ti gba idà padà, tí ó tún ti pa àkùkọ mìíràn sí i.

Akínṣowọ́n wò ó. “Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́,” ni ó wí. “Ẹ̀yin ará ìlú, n kò bá àwọn àgbà jà mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ idà tí ń jáde, kí ó tẹ̀lé mi.”

Àwọn tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n tẹ Ayọdà dó ní òdìkejì odò. Akínṣowọ́n fi òfin lélẹ̀ níbẹ̀ pé ẹni tí yóò bá jẹ Baálẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ idà ilé rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn kí a tó fi ìlẹ̀kẹ̀ oyè sí i lọ́rùn, wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí di òní. Nígbà tí ó darúgbó, tí ó fẹ́ gbé oyè sílẹ̀, Dáwódù rẹ̀ ni a kọ́kọ́ pè. Ọmọ náà di èèkù mú, ó fà á, ó tún fà á. Idà kò jáde. Gbogbo ìlú yíjú sí bàbá rẹ̀.

Akínṣowọ́n pòṣé lórí ìjókòó. Ó ní, “Ẹ pe ẹlòmíràn.”