Àwẹ̀ró Aláró àti Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Adágún Ojútòrò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sí etí omi. Ó dá lórí Àwẹ̀ró aláró, ó dá lórí Láṣebìkan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dá lórí ìlú mẹ́ta tó ń mu omi kan ṣoṣo.

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ń gún lójú, kó yí sí apá ibí. Orin wà nínú àlọ́ yìí, ẹ̀yin lẹ ó sì gbè é.

Ní ayé ijọ́un, adágún ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ojútòrò. Omi rẹ̀ mọ́ débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí i, èèyàn á rí i níbi tó sùn sí nísàlẹ̀. Orí òkè ni orísun omi náà wà, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ìlú Orí-Òkè. Bó bá ti sun tán, á ṣàn wọ́rọ́wọ́rọ́ gba Ìdí-Èlú kọjá, níbi tí àwọn obìnrin ti ń pa aṣọ láró. Lẹ́yìn náà ni yóò tó wọ inú adágún ní Etídò, ìlú àwọn apẹja.

Àwẹ̀ró ni olórí àwọn aláró ní Ìdí-Èlú, àmọ́ Etídò ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì ń rákòrò. Láṣebìkan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló tọ́ ọ dàgbà. Òun ló ń pọ̀n ọ́n lọ sétí omi, òun ló ń yọ egungun ẹja fún un kó tó jẹun. Àwẹ̀ró kò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tí Láṣebìkan bá ti sọ, abẹ gé e ni lọ́dọ̀ Àwẹ̀ró.

Láṣebìkan gbọ́n, ó mọ omi, ó mọ ẹja, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń jẹ́ ó tó. Bí àwọ̀n rẹ̀ bá kún, á fẹ́ kó kún títí tí yóò fi ya.

Nígbà tó yá, Ojútòrò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Omi ṣú, ó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Àwọn apẹja á da àwọ̀n sómi, á dún wàì. Wọ́n á fà á sókè, àfi koríko, àfi ẹrẹ̀. Àgbàlá Láṣebìkan nìkan ni èéfín ẹja yíyan kì í dá. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe ń rí tirẹ̀. Ó ní orí rere lòun gbé wáyé.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìlú dé ìlú. Ó sọ fún àwọn apẹja pé aró àwọn obìnrin Ìdí-Èlú ló ń pa ẹja. Ó sọ fún àwọn aláró pé àwọn àgbẹ̀ ló gé igbó orísun tí ẹrẹ̀ fi ń ya wọ odò. Ó gun òkè lọ bá àwọn àgbẹ̀, ó ní àwọn apẹja ń múra láti wá gba orísun lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wọ́n létí ni pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn aláró ń da aró tó ti kú, tí kò mú aṣọ mọ́, sódò lóòótọ́. Àwọn àgbẹ̀ ń gé igi orísun lóòótọ́. Irọ́ tó bá rí òótọ́ fi ṣe ìbora, ó pẹ́ kí òtútù tó mú un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn géńdé apẹja ya wọ Ìdí-Èlú. Wọ́n fọ́ ìkòkò aró, gbì, gbì, gbì. Aró inú wọn ṣàn lọ sódò, ó sì tún ba omi jẹ́ sí i. Àwọn àgbẹ̀ gbọ́, wọ́n ní kó tó kan àwọn, àwọn á gbẹ́ ilẹ̀, àwọn á darí orísun gba ẹ̀yìn òkè. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn: Ìdí-Èlú á gbẹ, Ojútòrò á di pápá.

Àwẹ̀ró jókòó ti àfọ́kù ìkòkò rẹ̀. Inú ń bí i sí àwọn apẹja, ṣùgbọ́n ojú ń tì í pẹ̀lú, nítorí inú odò lòun náà ń da aró sí láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Kò sunkún. Ó ránṣẹ́ sí Bàbá Erinfọlámí, olórí àwọn apẹja. Ó ránṣẹ́ sí Bàbá Bámgbọ́pàá, olórí àwọn àgbẹ̀. Wọ́n pàdé lábẹ́ igi ọ̀dán létí odò.

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi kúrò látàrí. Apẹja ní kì í ṣe òun. Àgbẹ̀ ní kì í ṣe òun. Ìgbà tó rẹ gbogbo wọn ni Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, aró ọwọ́ mi wà nínú omi yìí, mi ò lè sẹ́. Láti òní lọ, kòtò la ó máa da aró sí. Àmọ́ èmi ò lè rí orísun láti Ìdí-Èlú. Bàbá Bámgbọ́pàá ò lè rí adágún látorí òkè. Ojú ẹnì kan ò lè ṣọ́ odò. Ẹ jẹ́ ká pa ojú wa pọ̀."

Bàbá Bámgbọ́pàá wúkọ́. Ó ní àwọn á fa oko sẹ́yìn kúrò létí orísun, àwọn á sì gbin igi dípò èyí táwọn gé. Bàbá Erinfọlámí ní àwọn ọmọ òun á bá àwọn aláró mọ ìkòkò mìíràn, àwọ̀n olójú híhá tó ń kó ọmọ ẹja sì ti kúrò lórí omi. Bí wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nìyẹn tí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ni, wọ́n pè é ní Ẹgbẹ́ Aṣọ́mi.

Ní àràárọ̀, aṣọ́mi kan á dúró ní orísun, á bu omi sí àtẹ́wọ́, á wò ó, á gbóòórùn rẹ̀, á tọ́ ọ wò. Bó bá dára, á kọrin sísàlẹ̀. Ẹni tó wà ní Ìdí-Èlú á gbọ́, á wo omi tirẹ̀, á gba orin náà, á jù ú sí àwọn ará Etídò. Bí omi bá bàjẹ́ níbì kan, ẹni tó wà níbẹ̀ á dákẹ́. Orin á já, gbogbo ìlú á sì mọ ibi tó já sí. Orin náà rèé, ẹ gbè é:

Lílé: Ará orísun, ṣé omi jí?
Ègbè: Omi jí, omi tòrò.
Lílé: Ó gba ìdí igi kọjá o,
Ègbè: Omi jí, omi tòrò.
Lílé: Ó gba ọ̀dọ̀ aláró kọjá o,
Ègbè: Omi jí, omi tòrò.
Lílé: Ó wá dé adágún baba wa,
Ègbè: Omi jí, omi tòrò.

Láṣebìkan pàápàá ń kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ló ga jù ní Etídò.

Òjò rọ̀, òjò dá. Ẹrẹ̀ rọlẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ẹja epìyà bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ún lójú omi. Ọkàn àwọn èèyàn wálẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan, orin ti orísun wá, ó gba Ìdí-Èlú, ó dé Etídò, kò já níbì kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́ kedere, òkú ẹja ló tẹ́ lọ bẹẹrẹ létí adágún, ikùn wọn funfun.

Láṣebìkan ní, ṣé wọ́n rí i báyìí, àwọn ará òkè ń fi orin tan àwọn jẹ. Àwọn géńdé ti ń ṣa àjẹ̀ ọkọ̀ jọ láti fi jà. Bàbá Erinfọlámí dá wọn dúró. Ó ní ìkòkò làwọn fọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí làwọn rí níbẹ̀? Ó ní kí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ rin omi náà wò.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Wọ́n mu níbẹ̀, ó tutù, ó dùn. Wọ́n mu ní Ìdí-Èlú. Wọ́n mu ní ẹnu adágún. Kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n wá wọ ọkọ̀, Láṣebìkan ló ń tù ú. Nígbà tí wọ́n súnmọ́ kọ̀rọ̀ kan tí eèsún ti hù dí, ó yí ọkọ̀ padà. Ó ní ọ̀nì ń gbé ibẹ̀. Àwẹ̀ró gbà á gbọ́. Ó kàn ki ọwọ́ bomi ni, ó gbé e sẹ́nu, ó korò bí ewúro. Ó tú u dànù.

Bàbá Erinfọlámí ní kí wọ́n padà, wọ́n tu ọkọ̀ wọ inú eèsún. Ẹja ń yí gbirigbiri lójú omi bí ọ̀mùtí. Odó kan wà létí ibẹ̀, ewé gígún kún inú rẹ̀ dẹ́nu, ewé tó máa ń mú kí ara ẹja kú. Kò sẹ́ni tó mọ olódó. Bàbá Bámgbọ́pàá béèrè, Bàbá Erinfọlámí béèrè, gbogbo wọn mi orí.

Àwẹ̀ró mọ odó náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jó, láti ọjọ́ tí iná ràn mọ́ ilé ìdáná ìyá wọn. Ó wo Láṣebìkan. Láṣebìkan wò ó, ó rọra mi orí fún un, díẹ̀ báyìí. Àwẹ̀ró rántí ọwọ́ tó ń yọ egungun ẹja fún un. Ó tún rántí àwọn géńdé tó ń ṣa àjẹ̀ jọ. Bó bá dákẹ́, orí òkè ni wọ́n ń lọ jà.

"Odó ìyá wa ni," Àwẹ̀ró wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Odó ìyá wa ni."

Láṣebìkan fi àjẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀. Bàbá Erinfọlámí bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Nígbà tí gbogbo yín ń ṣọ́ ara yín, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ èmi tí mò ń fi ewé yìí pa ẹja. Nígbà tí ẹ wá rẹ́, tí omi mọ́, gbogbo èèyàn ń rí ẹja pa. Tèmi wá dà bíi ti gbogbo ayé."

Àwọn kan ní kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Ẹgbẹ́ Aṣọ́mi ní rárá. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ da àwọ̀n mọ́ títí ẹja yóò fi padà sí kọ̀rọ̀ tó pa run, òun ni yóò sì máa ṣọ́ ibẹ̀ ní àràárọ̀. Ó gbà. Ṣùgbọ́n kò bá Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀ mọ́. Àwẹ̀ró á gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ lọ, á gbé e sórí òkúta. Láṣebìkan á jẹ ẹ́, á fọ abọ́, kò ní wo ojú rẹ̀. Nígbà mìíràn, Àwẹ̀ró á dé ilé, á jókòó ti ìkòkò aró rẹ̀, omijé á máa dà pòròpòrò. Síbẹ̀, kò fìgbà kan sọ pé ká ní òun mọ̀, òun ì bá dákẹ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò tún dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró gbójú sókè láàárín aṣọ tó sá, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù fún omi.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "wá wò ó."

Wọ́n jọ tu ọkọ̀ dé ìdí eèsún. Àwọn ọmọ epìyà wà níbẹ̀, wọn ò ju hóró ọkà bàbà lọ, wọ́n ń tàn yinrinyinrin nínú omi. Òjìji ọkọ̀ bò wọ́n, ni ìyá wọn bá la ẹnu, wọ́n bá rọ́ wọ ẹnu rẹ̀ wìì, gbogbo wọn.

Láṣebìkan wò ó títí. Ó ní, "Èyí tí wọn ò tíì bí ni mo ti ń jẹ."

Àwẹ̀ró sún mọ́ ọn lórí pákó ọkọ̀, wọ́n jọ jókòó, èjìká kan èjìká, títí ìyá ẹja fi la ẹnu padà tí àwọn ọmọ rẹ̀ tú jáde.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí rèé. Bí mo bá da irọ́ sí i, kí omi ọ̀fun mi gbẹ. Bí n kò bá da irọ́ sí i, kí ó dún lọ́fun mi kó, kó, kó.

Kó! Kó! Kó!

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa ni pé ẹni kan kì í dá odò ṣọ́. Àwọn tó jọ ń mu omi ló yẹ kó jọ ṣọ́ ọ. Kí oníkálukú kọ́kọ́ yọ ìdọ̀tí ọwọ́ tirẹ̀ kó tó nàka sí ti aládùúgbò. Ẹni tó bá sì ń ba omi gbogbo ayé jẹ́, kí a má tìtorí pé ó jẹ́ ẹbí wa kí a bò ó mọ́lẹ̀.