Ilé Tí Wọn Kò Dáná Nínú Rẹ̀

Àjàdí, jókòó kí o gbọ́ mi. Má wo aago.

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn ilé bàbá rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ilé alámọ̀ ni, alájà pákó. Nígbà tí bàbá kú, ó gbá ilé mọ́, ó gbé àga bàbá sí àyè rẹ̀, ó wá fẹ́ fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn pa. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, opó tí kò ríbi gbé, bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní yàrá ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Èéfín ààrò yín á sọ àjà bàbá mi di dúdú." Ìyá náà ká ẹní rẹ̀, ó lọ háyà yàrá lẹ́yìn ọjà. Ọ̀gbẹ́ni ki kọ́kọ́rọ́ sápò, ó padà sí Èkó. Ó gbà pé òun ti tọ́jú ilé nìyẹn!

Nígbà tó yá, iṣẹ́ gbé e dé ilẹ̀ Jàpáànì. Wọ́n mú un lọ wo ìlú àtijọ́ kan tí wọ́n tẹ̀ dó sí ẹsẹ̀ odi ọba. Háà! Òpópónà tóóró, ògiri amọ̀ tí wọ́n kùn ní funfun, ilé àwọn jagunjagun ayé ọjọ́un lọ́tùn-ún lósì, gbogbo rẹ̀ ṣì dúró digbí. Àárò ilé sọ ọ́ gidigidi.

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé náà. Ìyá arúgbó onílé kúnlẹ̀ ti iná igi láàárín yàrá, kò sì sí ìkòkò kankan lórí iná. Gbogbo igi òrùlé ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Òórùn ilé ìdáná ìyá rẹ̀ gan-an ló gbọ́ yẹn. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì ṣe èéfín nìkan ló fà á. Ó ní kí ẹni tó ń mú wọn rìn bá òun bi ìyá pé ta ló ń dáná fún.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ilé ni mò ń dáná fún. Èéfín yìí ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ igi àti koríko òrùlé wa. Ìyá ọkọ mi ló fi lé mi lọ́wọ́, àràárọ̀ ni mo sì ń dá a."

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó wà lápò rẹ̀.

Bó ṣe délé, ìlú bàbá rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Àgádágodo ṣì di ilẹ̀kùn mú gírígírí, férémù ló já wá sí i lọ́wọ́. Ikán ti jẹ àjà àti igi òrùlé tán. Ó fọwọ́ kan àga bàbá, àga dà wálẹ̀ bí eérú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá tó wà lẹ́yìn ọjà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá dáná."

Ìyá ní, "Ọmọ mi, abẹ́ òrùlé wo?"

Àjàdí, kí lo wá ń wo ilẹ̀ sí? Kọ́kọ́rọ́ ilé tí ìyá rẹ kú fi sílẹ̀ ló wà lápò rẹ yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn ní pálọ̀ onílé-onílé, nítorí o ní àwọn ọmọ á fi èédú kọ nǹkan sára ògiri. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́! Ìwọ náà kọ tìrẹ nígbà tó o wà ní kékeré, ìyá rẹ ò lé ọ jáde. Mo yà wo ilé náà láàárọ̀ yìí, ikán ò tíì dé òkè. Gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀ níbí, kí ẹ̀gbọ́n rẹ lè dáná oúnjẹ alẹ́ òní níbẹ̀.