Ìyá Wúràọlá àti Ìwé Ara Ìgò

Ní ìlú Arómọgbà, Tísà Ọlátẹ́jú a máa kọ́ àwọn àgbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìrọ̀lẹ́. Òfin rẹ̀ kan le: ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì yóò wà lórí ìdúró títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń tètè wọni lára.

Ìyá Wúràọlá, aláró, ló mọ̀wé kà jù nínú wọn. Bó bá ti gbé ìwé, ahọ́n rẹ̀ kì í kọ́. Tísà kò bi í rí pé kí ni ìwé náà ń sọ.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Wúràọlá pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Àdùnbí, wá sí kíláàsì. Kúrúnà ti bo ọmọ náà lára. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń bọ̀. Èrò pọ̀ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kàn na ìgò oògùn sí i ni. Tísà ní kó ka ìwé ara ìgò náà sétí gbogbo kíláàsì. Ó kà á dé ìsàlẹ̀ láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó jókòó, ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó da oògùn kún ṣíbí, ó sì gbé e lọ sí ọmọ lẹ́nu.

Tísà fo bẹ́ǹṣì kọjá, ó gbá ṣíbí náà dànù. "Ìyá, ẹ má fún un mu! Ara ni kẹ́ ẹ fi pa. Májèlé ni."

Yorùbá ló sọ, òun gan-an kò fura.

Wọ́n yẹ ẹnu ọmọ wò. Oògùn kò kàn án. Tísà mí kanlẹ̀. "Ìyá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán ni."

"Mo kà á, Tísà. Ohun tó wí ni mi ò mọ̀. Mo fẹ́ bi yín, àmọ́ Yorùbá nìkan ni mo lè fi bi yín, mi ò sì lè wà lórí ìdúró pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn."

Tísà ní, "Ẹ dárí jì mí."

Láti ọjọ́ kejì, wọn a kọ́kọ́ fi Yorùbá tú ìwé palẹ̀ kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kà á. Kí ara Àdùnbí tó jinná tán, ìyá rẹ̀ àgbà ti ń ka ìwé oògùn fún àwọn aládùúgbò, ó sì ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ará Arómọgbà tó bá rí i nídìí iṣẹ́ yìí a mi orí, a ní òótọ́ ni, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.