Pẹpẹ Gíga tí Ìjàpá Gbé Àgbo Lé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ mi, àlọ́ mi gbéra, ó rìn títí, ó bà lé Ìjàpá lórí. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ ó mọ ohun tó ń mú ọrùn rẹ̀ wọlé tó ń mú un jáde.

Ní ọdún kan, ibà wọ ìlú àwọn ẹranko. Àtẹni ńlá àtẹni kékeré, wọ́n jọ já ewé, wọ́n jọ wa egbò, wọ́n se àgbo ìkòkò méje. Wọ́n ní kí Ìjàpá máa ṣọ́ ọ.

Ìjàpá rò ó pé àwọn ẹranko ńlá ló ní oko iṣu. Ló bá ní kí Erin gbé àgbo sórí pẹpẹ gíga kan lójúde òun. Ó ṣòfin: "Ẹni tó bá ga tó o ni kó mu." Erin mu. Ẹfọ̀n mu. Wọ́n ń fi iṣu dúpẹ́, iṣu ń wọlé Ìjàpá.

Òkété pọn Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ wá, ara ọmọ gbóná janjan.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu díẹ̀ fún mi. Kò jẹun láti ìjẹta."

"Ṣé ó ga tó o?"

"Ọmọ ọwọ́ ni!"

"Jẹ́ kó dàgbà ná."

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wa egbò inú ìkòkò yẹn!"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀kùn.

Òkété ò sunkún. Ó gba ilé Ẹmọ́, ó gba ilé Asín, ó gba ilé Ehoro. Aláìsàn wà nílé gbogbo wọn. Ó ní, "A ò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Tiwa ni."

Nígbà tí wọ́n dé ìdí pẹpẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ibà ti mú Ìjàpá fúnra rẹ̀. Erin ti lọ sódò. Ìjàpá na ọrùn títí ó fi dà bí okùn, kò tó o.

"Ẹ gbà mí! Ẹ gbé mi sókè!"

Òkété ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò ga tó o ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Òkété ní, "A ò ní gbé ẹnikẹ́ni sókè. Pẹpẹ ni yóò sọ̀ kalẹ̀."

Ni wọ́n bá ń gbẹ́ ìdí òpó pẹpẹ náà. Òpó ń rì díẹ̀díẹ̀, títí pẹpẹ fi balẹ̀. Ìkòkò kan ò fọ́. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ mu, torí àìsàn tirẹ̀ ló le jù. Erin dé, wọ́n ní kó tò sẹ́yìn Asín. Ó fajú ro, àmọ́ ó tò. Ìjàpá ló kẹ́yìn. Ojú tì í, ó fa ọrùn wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá fi ń na ọrùn nígbà tó bá dá wà, tó sì ń fà á wọlé tó bá ti gbúròó ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé àgbo sí nílùú wọn, níbi tí ọwọ́ gbogbo wọn ti tó o.

Ibi tí mo bá wọn dé nìyí. Bí mo bá parọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń ró: pó, pó, pó!