Erinmi Tó Fi Pẹ́pẹ́yẹ Sílẹ̀ Lé Ọ̀nì

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o.

Àlọ̀.

Àlọ́ mi wọ inú ọ̀sà, ó bá Erinmi, ẹ̀ṣọ́ àwọn Pẹ́pẹ́yẹ tó ń gbé àgbàdo sọdá fún àwọn ọmọ wọn nígbà ogun Ọ̀nì. Lọ́jọ́ kìíní, ojú Ọ̀nì yọ lókè omi. Erinmi lé e lọ, ó ń kọrin: "Mo lé Ọ̀nì o." Àwọn Pẹ́pẹ́yẹ gbè é: "Akọni." Ìyàwó Ọ̀nì jáde nísàlẹ̀, ó gbé ọ̀kan mì. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé méjì.

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀ ẹ́: "Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́, ẹ dúró tì wá."

"Ìyá, ta ní í kọrin fún ẹni tó dúró?"

Lọ́jọ́ kẹta, ó lé Ọ̀nì jìnnà. Nígbà tó padà, agbọ̀n àgbàdo nìkan ló ń léfòó. Ó kọrin lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó gbè é.

Ẹ̀yin náà, ẹ má gbè é.