Ìdérí Tí Bàbá Òjélàbí Ṣí

"Bàbá, ẹ jẹ́ ó tutù ná kí n tó bu kúlántì sí i. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

Múnírù awakọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí omi ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀ hó lọ́nà Ìṣẹ́yìn, tí oòrùn ń ta bí iná. Ó lọ gbé kúlántì ní búùtù.

Ara Bàbá Òjélàbí ò balẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ láàárọ̀ yẹn, ẹnu rẹ̀ ni orúkọ sì gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ jáde.

"Wọ́n ń retí mi, ò ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀!"

Ó fi etí agbádá bo ìdérí rédíétọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i. Omi gbígbóná tú jáde lé e lọ́wọ́.

Ọsibítù ni wọ́n gbà dé ilé ìkómọ. Wọ́n ti sọmọ lórúkọ tán. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó gbé ọmọ síwájú rẹ̀: "Bàbá, ẹ gba ọmọ yín."

Bàbá na ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó wò wọ́n, ó sì rọra fà wọ́n sẹ́yìn.