Ọ̀gá Ilé-Ìwé àti Ìyàwó Rẹ̀ Tó Ń Kọ́ Ìlẹ̀kẹ̀ Sínsín

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwá àṣìṣe. Ọ̀gá ilé-ìwé ni. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ń fa ìlà pupa sábẹ́ ohun tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ bá ṣì kọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í mutí, kì í na ìyàwó rẹ̀, ebi kì í sì í pa ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo ìwé àwọn ọmọ náà ló fi ń wo ọbẹ̀, òun ló fi ń wo ilẹ̀ tí wọ́n gbá, òun ló sì fi ń wo ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Adétóún, ti ta aṣọ lọ́jà títí eékún fi ní kó jókòó sílé. Ilé wá dákẹ́ jù fún un. Nígbà tí Adétóún, àkọ́bí rẹ̀, lóyún, ìyá náà ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun ṣe ẹ̀gbà ọrùn tí ọmọ òun yóò fi jáde lọ́jọ́ ìkómọ. Ó lọ bá aládùúgbò wọn kan, obìnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tà. Obìnrin yìí fún un ní abẹ́rẹ́, òwú ọ̀rá àti ìlẹ̀kẹ̀ oríṣi méjì. Ó ní kó máa tú wọn sórí aṣọ kí wọ́n má baà yí sọnù, kó máa sín pupa méjì, funfun kan, kó sì máa ta kókó lẹ́yìn funfun kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Láàárọ̀, bó bá ti gbálẹ̀ tán, á gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti ń wọlé, á tẹ́ aṣọ lé itan, á máa sín in. Ṣùgbọ́n àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tó yẹ kí pupa jẹ́ méjì, á di mẹ́ta, tàbí kó ku ẹyọ kan. Abẹ́rẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kọjá. Lójoojúmọ́ ni ìlẹ̀kẹ̀ mélòó kan máa ń ṣẹ́ kù sí apá òsì aṣọ náà, tí kò ní fọwọ́ kàn wọ́n, tí á sì máa wá ìlẹ̀kẹ̀ kiri nínú ọ̀rá tí wọ́n kó wọn sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ ti ilé-ìwé dé, ó sì bá a níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo iṣẹ́ náà.

"Ìyá Adétóún, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní mi mọ ẹyọ kan yàtọ̀ sí ẹyọ méjì o. Èyí tí o sì ń wá kiri nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Àbí apá òsì ò sí nínú ayé tìrẹ ni?"

Obìnrin náà yí orí, ó rí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ẹnu yà á.

"N ò rí wọn," ó ní. "Bàbá Adétóún, ojú mi yìí..."

"Má fi ojú ṣe àwáwí. Ọwọ́ rẹ ni ò gbọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ bọ́ṣọ. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun sọ nǹkan kan.

Ìyá náà tiraka, ó parí ẹ̀gbà náà. Nígbà tí ọjọ́ ìkómọ pé, Adétóún fi í sọ́rùn jáde sáàárín àwọn ẹbí àti àlejò. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá, inú rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ sún mọ́ òun.

"Ẹ wo iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi tuntun," ó wí, ó sì nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Ẹ bá mi kà á. Pupa mẹ́ta, funfun kan. Pupa kan, funfun méjì. Bó bá jẹ́ ọmọ ilé-ìwé mi ló ṣe irú èyí, kò ní kúrò ní kíláàsì kan náà títí yóò fi hu irùngbọ̀n!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Adétóún fi ọwọ́ bo ọrùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí kí ni ènìyàn tún lè ṣe láàárín àlejò?

Lọ́jọ́ kejì, ó di abẹ́rẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ tó kù, ó gbé wọn padà fún aládùúgbò náà. Obìnrin yẹn kò kọ́kọ́ gbà wọ́n.

"Ẹ má bínú sí mi, mà," ó ní. "Mo ti ń wò yín. Ó jọ pé ẹ kì í rí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí Bàbá mú yín lọ fi ojú yẹn han dókítà."

"Mo ti sọ fún wọn," ni Ìyá Adétóún dáhùn. "Ọwọ́ mi ni ò gbọ́n."

Ó ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ohun tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò tún fi nǹkan kan han ọkọ rẹ̀ mọ́. Bí ìríran rẹ̀ ti ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ló ń há ilé sórí. Ó mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láti yàrá dé ìdí ààrò. Iyọ̀ ní ibi tirẹ̀, epo ní ibi tirẹ̀. Bó bá forí gbá férémù ilẹ̀kùn, á di ẹnu pọ̀ kí igbe má baà jáde, torí ó ti mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ yóò wí. Ọdún mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé kan náà pẹ̀lú ọkùnrin tó ń fi rírí àṣìṣe jẹun. Ọkùnrin náà kò rí i.

Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ sọdá títì láti lọ ra ọṣẹ. Ọ̀kadà kan ń bọ̀ láti apá òsì, ó sì gbá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kán, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà to egungun náà. Ẹ̀yìn èyí ló tan iná sí ojú rẹ̀, tó na ìka sí i lọ́tùn-ún, tó na ìka sí i lósì. Ó sì pe ọ̀gá ilé-ìwé wọlé.

"Ìyá, láti ìgbà wo ni ẹ ti kíyè sí i?" ni dókítà béèrè.

"Láti ìgbà tí mo ń kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ sínsín."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní àrùn ojú kan ni, tó máa ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, láìdun ènìyàn. Ó ní ká ní wọ́n tètè wá nígbà náà, oògùn kíkán sójú ni ìbá dá a dúró. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Èyí tó kù kò ní pẹ́ lọ.

Kò sì pẹ́ lóòótọ́. Kí ọdún tó yí po, òkùnkùn ti bo ojú Ìyá Adétóún pátápátá.

Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Adétóún, dárí jì mí."

Obìnrin náà ní, "Mo ti gbọ́."

Ọkùnrin náà rò pé bí òun bá ṣe nǹkan, ọkàn rẹ̀ yóò rọ̀. Ó lọ ra ojúlówó iyùn. Ó jókòó, ó ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń kùnà, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bọ́ sí i, ó kó iyùn sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Sín in bó bá ṣe wù ọ́," ó ní. "N ò ní sọ nǹkan kan."

Obìnrin náà fi ìka kàn wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dà wọ́n padà sí ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì bá a pa ìka rẹ̀ dé.

"Ẹ ṣé," ó wí. "Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ kí ẹ máa wo ohun tí mo bá ń ṣe mọ́."

Ó ké sí aládùúgbò tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ pé kó wá mú òun lọ sẹ́yìnkùlé. Ọkùnrin náà na ọwọ́ láti dì í mú. Obìnrin náà kò rí ọwọ́ náà, ọkọ rẹ̀ kò sì ní ìgboyà láti sọ pé ó wà níbẹ̀.

Ọdún méje ni wọ́n tún fi jọ gbé. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà rí. Ó ń kí i láàárọ̀, ó ń jẹ ohun tó bá gbé wá. Ṣùgbọ́n bí ibì kan bá ń dùn ún lára, ẹnu ẹlòmíràn ni ọkọ rẹ̀ ti ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ṣe kú.

Ọmọ mi, ìwọ ni mo ń bá wí. Nígbà tí ìyàwó rẹ gbé omi wá fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, mo rí yẹtí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Mo rí i pé ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Mo sì gbọ́ ohun tí o sọ lójú mi, mo rí bó ṣe fi gèlè bo etí rẹ̀ méjèèjì kó tó jáde. O rò pé àwàdà lo ṣe. O kọ́ obìnrin náà bí wọ́n ti ń fi nǹkan pamọ́ fún ọ ni. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí yẹtí, ìwọ kò sì mọ ibi tí yóò parí rẹ̀ sí.

N ò ní kí o parọ́ fún un. Bí kò bá gún, kò gún. Ṣùgbọ́n dìde, lọ bá a ní ìdí abọ́ tó ń fọ̀ yẹn. Béèrè ibi tí iṣẹ́ náà ti ń nira fún un, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́ títí yóò fi dáhùn. Bí kò bá dáhùn lónìí, padà lọ lọ́la.